Odò Tó Dì

Nílé ìfọṣọ ní Séńtì Pọ́ọ̀lù, oṣù kìíní ọdún,
ẹ̀rọ mẹ́fà ń yí, ọ̀kan ń ké.
Obìnrin tó jókòó tì mí, irun rẹ̀ funfun bí tèmi,
ó ní Bounmi lòun ń jẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n fi bùn ọ́?

Ó ní Mẹ̀kọ́ńgì lòun lúwẹ̀ẹ́ kọjá lóru,
láti Láósì dé Táílándì,
ike òróró méjì lábíyá,
àbúrò lẹ́yìn, aṣọ lẹ́nu ọmọ náà
kí sójà má baà gbọ́.

Ìmẹ̀kọ ni mo gbọ́. Ọkàn mi ti délé,
níbi tí ìyá mi ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé gààrí lọ Kétu,
tó ń kí kọ́sítọ́ọ̀mù bí ẹni ń kí àna.
Èdè wa kan náà ni lọ́hùn-ún,
bó tilẹ̀ jẹ́ Faransé ni wọ́n kọ sára pátákó.

Mo fẹ́ béèrè àbúrò yẹn.
N kò béèrè.

Aṣọ gbẹ, a gba etí Misisípì lọ sílé.
Odò ti dì gbagidi.
Ó fi igi kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e,
ó dúró,
ó bojú wẹ̀yìn
bí ẹni ń retí ẹni tí yóò béèrè ìwé.