Ẹgbẹ̀rin Ìṣísẹ̀

Lọ́nà Ọ̀dà, lẹ́yìn Àkúrẹ́, níbi tí oko kòkó ti parí
tí àpáta bẹ̀rẹ̀,
Akínkúótù ẹ̀ṣọ́ igbó ní òun yìnbọn lu etu kan
láti orí òkè yìí dé orí òkè kejì.
"Ojú rẹ̀ ọ̀tún ni mo wò kí n tó tẹ̀ ẹ́."
A rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.
Ó mu ẹmu inú ife rẹ̀ tán, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n,
ó ní kí n mú agolo mílíìkì kan
lọ gbé ka orí àpáta ọ̀hún,
kí n máa ka ìṣísẹ̀ mi bí mo ti ń lọ.

Ẹgbẹ̀rin ó dín mẹ́fà.
Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àgbà mẹ́rin
ti di èèrà mẹ́rin lábẹ́ igi obì.

Mo padà dé. Akínkúótù dojúbolẹ̀ pẹ̀lú ráífù ìjọba.
Ó yìn ín. Eruku sọ lápá òsì.
Ó tún un yìn. A ò rí eruku rárá.
Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ní ìbọn náà ti wọ́.

Bàbá mi wá lanu, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kawó:
"Ọta kì í lọ gbọnrangandan bí okùn tí a nà.
Bí òkò ọmọdé ni, á gòkè, á tún máa wálẹ̀.
Ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, pe ara rẹ lọ́dẹ.
Ní ọ̀ọ́dúnrún, bẹ afẹ́fẹ́.
Ní ẹgbẹ̀rin, ọyẹ́ tó ń fẹ́ níhìn-ín
kọ́ ló ń fẹ́ láàárín, tọ̀hún tún yàtọ̀.
Ooru àpáta á máa mú agolo jó lójú rẹ.
Ọkàn rẹ á lù lẹ́ẹ̀kan péré,
ẹnu ìbọn á fi fọ́nrán irun kan yẹ̀;
kí ó tó dé ọ̀hún, irun ti di àtẹ́lẹwọ́ méjì.
Agolo mílíìkì ò sì tó àtẹ́lẹwọ́ kan."

"Ìwọ ńkọ́, Sájẹ́ǹtì?"

Ó dojúbolẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún.
Ó pẹ́ níbẹ̀ títí ewé kòkó fi dákẹ́.
Ó yìn ín. Agolo ò mì.
"Ẹ̀yin náà rí i," ó ní,
ó sì dìde bí ẹni tó san gbèsè.

Bí a ti ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé, mo bi í
nípa àmì-ẹ̀yẹ ara ògiri, ti ogun Orè,
tí gbogbo ilé ní ọta kan ṣoṣo ló fi gbà á.

"Ọ̀gá wọn ni mo wò. Ó dé fìlà.
Ọmọkùnrin tó ń pọnmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ṣubú.
Àwọn yòókù sá, ibùdó wọn tú,
wọ́n ní mo mọ ìbọn í yìn."

A kọjá afárá. A kọjá ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń gégẹdú.
"Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí."
Ó lá ìka rẹ̀, ó nà án sókè nínú òkùnkùn.
Kò sí ewé kan tó mì.