Èyí Tó Ṣílẹ̀kùn

Kọ̀ǹpútà mi ti pé ọdún méje.
Lẹ́tà E ti yọ lórí rẹ̀ láti ìgbà Kérésì,
ihò rọ́bà kékeré tó ṣẹ́ kù ni ìka mi ń wá kiri.
Bí mo bá fẹ́ kọ Àbẹ̀kẹ́, Abk ló ń jáde,
bí orúkọ ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì.
Ọrùn rẹ̀ ti já lápá kan, mo fi téépù dúdú dì í,
bí mo bá ṣí i, á ké bí ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kú.
Fáànù inú rẹ̀ ń mí gúlegúle,
bí àgbà tó gun òkè
tí kò fẹ́ kí á mọ̀ pé ó rẹ òun.
Ìbídàpọ̀ ọmọ mi ní kí n lọ sin ín.

Sátidé tó kọjá mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Pọ́tẹ́ẹ̀jì,
yìnyín ẹsẹ̀ mi ń yọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn.
Mo bá ọ̀kan lórí tábìlì, àwọ̀ eérú, tẹ́ẹ́rẹ́.
Mo gbé e wò: ó fúyẹ́ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.
Ẹgbẹ̀rin dọ́là ó dín ẹyọ kan, owó ìjọba ò tíì wọ̀ ọ́.
Ọmọkùnrin tó ń tajà, Rodel ni wọ́n kọ sí i láyà,
ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
“Màmá, tí ẹ bá lè ní sùúrù,
tuntun ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án.
Ọpọlọ rẹ̀ á yá ju èyí lọ ní ìlọ́po méjì,
owó èyí náà á sì wálẹ̀.”
Ó ṣeun. Ire ló fẹ́ fún mi.
Ó ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣírò.
Aago mẹ́ta òru, mo ń yí àwọn arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì,
mo ń ṣírò.
Ìdánwò mi ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún.
Tí mo bá dúró, kí ni n ó fi kàwé?
Tí mo bá rà á, oṣù kẹsàn-án á bá mi
bí ẹni tó fi ẹ̀wà yó kí iyán tó dé.
Ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí fún ẹni tó gbé odó mì.
Èmi ò gbé odó mì. Ẹgbẹ̀rin dọ́là lásán ni,
ó há mi lọ́fun síbẹ̀.

Ta ló sì ní oṣù kẹsàn-án lòpin?
Bó bá dé, Rodel mìíràn á tún wo ọ̀tún, á wo òsì.

Bàámi, télọ̀ ní Ìkirè, dúró bẹ́ẹ̀ rí.
Ó ní òun ò ní pààrọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ òun, oníná ń bọ̀.
Ọdún mẹ́ta ló fi tẹ ògbólógbòó yẹn, orúnkún rẹ̀ ń ké.
Oníná dé. Àwọn tó rà á gbé e sílé,
iná ò dé.
Alẹ́ tí ọdún ku ọ̀la, wọ́n wá ń yá ẹ̀rọ bàámi,
ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbowó.
Mo ti yí ìtàn yìí síwájú, mo ti yí i sẹ́yìn,
n kò mọ ibi tó kọjú sí.

Lónìí, ní ibùdókọ̀, òtútù ń gé etí jẹ.
Bọ́ọ̀sì ogbó kan dé, páálí ni wọ́n fi dí fèrèsé rẹ̀ kan.
Lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn rẹ̀ mo rí tuntun tó ń dán,
ó ṣì wà lẹ́yìn iná pupa méjì.
Ẹnikẹ́ni ò wo tuntun.
Ní ìwọ̀n ogún lábẹ́ òdo, ní Wínípẹ̀gì,
èyí tó ṣílẹ̀kùn ni bọ́ọ̀sì.

Ìyá àgbà kan tó gbé àpò ọ̀dùnkún tì mí léjìká:
wọlé, ọmọ, wọlé.
Mo ní rárá, ẹ máa lọ.
Mo sọdá títì.
Aago mẹ́fà ni ṣọ́ọ̀bù ń tì,
mo sì fẹ́ kọ orúkọ mi lálẹ́ òní,
kó pé.