Kẹ́ríà Tí Ọbájẹ́mu Jó

Nígbà tí mo ra alùpùpù yìí ní Kàbà,
ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo bí ẹnu ọmọ oṣù mẹ́ta.
Ó dán, ó ń fakọ lójú ọ̀nà,
ṣùgbọ́n ẹrù wo ni dídán lè gbé?
Ìyàwó mi yí i po lẹ́ẹ̀kan,
ó ní, "Òkun o. Níbo ni iṣu yóò jókòó sí?"

Mo kọ́kọ́ lo àpò ilé-ìwé.
Okùn rẹ̀ já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ògìdì,
ìwé àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún fọ́n sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀;
ẹrẹ̀ ni mo fi gègé pupa máàkì lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo gbé agbọ̀n tòmátì lé táńkì, láàrin itan:
oòrùn lókè, ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀,
ó ti di ọbẹ̀ kí n tó dé ọjà Ìyàrá.
Mo so kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ ọwọ́ ọ̀tún,
alùpùpù ń fà mí sígbó
bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Ni mo bá lọ bá Ọbájẹ́mu ajórinmọ́rin
lẹ́yìn gáréèjì, lábẹ́ igi kajú.
Kò wọn nǹkan kan.
Ó ní kí n jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni tó ń roko.
"Kí lo máa ń gbé?"
Mo ní iṣu, kajú, ìwé, kẹrosín, òbúkọ nígbà ọdún.
"Ta lo máa ń gbé?"
Mo dákẹ́. N kò tíì ka ìyẹn mọ́ ẹrù.

Ó gé irin, ó tẹ̀ ẹ́, iná ń ta pàrà,
mo gbójú sá.
Ó jó ìkọ́ mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún rọ́bà,
pẹpẹ kan sẹ́yìn, ó gùn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ,
ó wá lẹ irin kúkúrú méjì mọ́ ìsàlẹ̀.
Mo ní n kò bèèrè ìwọ̀nyí.
Ó ní òun náà kò bèèrè owó wọn.

Rọ́bà inú táyà tírélà ni mo gé,
fífẹ̀ ìka méjì.
Èyí tó wúwo, fi sísàlẹ̀, kó sún mọ́ ìdí rẹ;
èyí tó lè fọ́, koríko gbígbẹ ni ibùsùn rẹ̀.
Dì í tán, kí o mì í.
Bí alùpùpù bá bá a mì, ó tó.
Bí ẹrù nìkan bá mì, tú u palẹ̀.

Abẹ́ ìjókòó ni ìwé ọkọ̀ wà, sípánà kan, púlọ́ọ̀gì,
ọ̀rá tí mo fi ń wé fóònù bí òjò bá ṣú,
àti ẹgbẹ̀rún náírà méjì tí ìyàwó mi kò mọ̀.
Ó mọ̀. Ó ti fi ra iyọ̀ rí.

Oṣù kẹjọ, òru, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Àyà ìyá mi ń dún bí ẹwìrì.
Mo gbé e lé ibi tí iṣu máa ń jókòó,
ìyàwó mi fi aṣọ ìró dì í mọ́ mi lẹ́yìn,
ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kókó kan ṣoṣo.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn,
ó bá irin méjì yẹn pàdé.
Ó tẹ̀ wọ́n. Ó fara balẹ̀.
Ní ìdajì ọ̀nà ó sọ̀rọ̀ létí mi:
"Òórùn òbúkọ wà níbí."
Mo mọ̀ nígbà náà pé a ó dé ọsibítù.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.
Ó ra iṣu mẹ́ta létí ọ̀nà, ó gbé wọn sórí itan.
Mo ní kó jẹ́ kí n fi rọ́bà dì wọ́n sẹ́yìn.
Ó ní rọ́bà kò bí òun, òun kò bí rọ́bà.
Bí a ṣe ń kọjá lẹ́yìn gáréèjì, mo fọn fèrè.
Ọbájẹ́mu kò gbórí sókè,
géètì ẹnìkan ló wà níwájú rẹ̀,
iná ń ta.