Apá Kẹrin

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, òjò ń lu fèrèsé ní Whitby.
Hettie tún fi apá kẹrin sí i:
ọkùnrin oníbàtà gígùn yẹn bọ́ ìbọ̀wọ́,
ó fa ọmọge lọ́wọ́ gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin,
ó yíjú, kò fọhùn.
Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Wákàtí mẹ́fà nítorí ọwọ́ lásán!"
Olóògbé Wilf a máa kùn lórí àga,
kò sì ní í dìde títí yóò fi parí.
Ogójì ọdún, kò pè é ní olólùfẹ́ rí;
ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìnyín,
á ti ha gíláàsì mọ́tò ìyàwó mọ́
kí ìyàwó tó jí.

Hettie dá àwòrán dúró.
Ọwọ́ ṣì wà nínú ọwọ́.
Tíì ti tutù.
Ó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.