Ìlú Kékeré Inú Gíláàsì

Ní Kálígárì, agogo méjì òru,
òtútù ń họ fèrèsé bí ológbò tí wọ́n tì mọ́ ìta.
Èmi nìkan àti ìlú kékeré inú gíláàsì:
ọgbà tuntun tí iléeṣẹ́ epo fẹ́ kọ́ sẹ́yìn odi,
ilé méje, adágún kan,
igi tí wọ́n fi kànrìnkànrìn ṣe.

Owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu kà.
Rodélíò tó ń nu tábìlì ìpàdé ló sọ fún mi,
lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó páálí jáde ní àjà kẹsàn-án,
páálí kan, ẹnì kan,
òdòdó inú ìkòkò lórí òmíràn.

Èèyàn wà nínú ìlú náà o,
wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Ọ̀kan ń gun kẹ̀kẹ́, méjì jókòó létí omi,
kò sẹ́ni tó wọ ẹ̀wù òtútù.
Bóyá yìnyín kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Mo wá ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.
Kò sí.

Mo já bọ́tìnì kan lára kóòtù mi,
mo gbé gíláàsì sókè díẹ̀,
mo fi í sẹ́nu géètì.
Ẹnikẹ́ni kò tíì yọ ọ́.
Láti ọjọ́ náà ni òtútù ti ń gba ojú bọ́tìnì
wọ àyà mi.