Ohun Tí A So Mọ́ Abẹ́ Apá

Ní Kónínsíbì, afẹ́fẹ́ kì í sùn.
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Táífúùnù méjì á gbéra,
abọ́ á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù,
màá dá ọ̀rọ̀ ẹnu mi dúró di ìgbà tí wọ́n bá kọjá.

Ìréwọlé ọmọ mi kì í dúró. Ó ti wà nínú tirẹ̀,
nídìí kọ̀ǹpútà tí mo fi iṣẹ́ alẹ́ oṣù mẹ́ta rà,
ó ń di ẹrù ogun.
"Màmá, ẹ wò ó. Mẹ́rin gígùn sábẹ́ ikùn.
Àwọn wọ̀nyí ń lọ jìnnà, wọ́n ń mí bí wọ́n ti ń lọ,
rédà inú imú wọn ni wọ́n fi ń wá ọ̀tá.
Méjì kúkurú sábẹ́ apá: àwọn yìí ń tọ ipasẹ̀ ooru.
Ẹ má kó o jù o. Bàálù tó bá wúwo
kò ní lè ṣẹ́rí padà bí wọ́n bá lé e bá."
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá!
Kò mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì wà,
ó mọ iye kílò tí mísáìlì kọ̀ọ̀kan wọ̀n.

Mo ní, "Bí o bá gbé mẹ́fà lọ, tí o gbé mẹ́fà bọ̀ ńkọ́?"
Ó wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n fi omi dín ẹyin.
"Òdo ni, Màmá. Òdo."

Mo wọ kóòtù, mo wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Hábọtù,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ẹni kẹta nínú ìwé iṣẹ́ mi.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọ́fíìsì fún wa:
ìwẹ̀, oògùn, tíì, bọ́tìnnì mẹ́fà.
Ọwọ́ rẹ̀ kò lè di bọ́tìnnì mọ́.
Ọwọ́ yìí kan náà ló fi so mísáìlì mọ́ bàálù fún ọdún méjìlélógún,
nínú òjò, nínú yìnyín, láìwọ ìbọ̀wọ́,
torí ìka tó wọṣọ kì í mọ̀ bí ìdè bá ti wọlé tán.

Mo ro ẹjọ́ òdo yẹn fún un.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.
Ó ní àwọn a máa dúró létí pápá ní ìrọ̀lẹ́,
àwọn a máa ka abẹ́ apá bí bàálù bá ti ń balẹ̀.
"Bó bá pé, a ó mu bíà.
Bí kò bá pé…" Ó wo fèrèsé.
"A ó so òmíràn. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan."

Tíì ti tutù. Mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá àkókò.
Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, mo ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
ó dìde.
Ó mà fúyẹ́ o.

Nígbà tí mo délé, oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà nínú abọ́.
Ìréwọlé ní òun ti já mẹ́rin bọ́, ó ku ẹyọ kan lábẹ́ apá,
kò sì sí ọ̀tá mọ́ lójú sánmà.
"Gbé e bọ̀ wálé," mo wí.
"Wọn ò ní fún mi ní máàkì kankan."
"Mo gbọ́. Gbé e bọ̀. Èmi á kà á."

Ó mí kanlẹ̀, ó yí imú bàálù padà.
Mo dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ mi.
Lóde, abọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: àwọn tòótọ́ náà ń bọ̀.
Mo sáré dé ojú fèrèsé.
Ilẹ̀ ti ṣú. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé,
n kò rí abẹ́ apá wọn.