Etí Inú

Oṣù mẹ́ta péré rèé tí mo ra taya yìí.
Mo ti gbaradì ìjà de ẹni tó tà á fún mi,
ṣùgbọ́n Fámúyìwá, ní oríta Ìjọ̀kà,
kò dá mi lóhùn títí jáàkì fi gbé ọkọ̀ sókè.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn taya
bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ ibùsùn.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Etí òde ṣì léyín.
Etí inú ti pá, ó ń dán bí agbárí àgbà."

Mo ní bóyá atẹ́gùn ló kéré.
"Bó bá kéré, etí méjèèjì ni yóò jẹ.
Bó bá pọ̀ jù, àárín.
Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló kú, á jẹ gbágungbàgun
bí àgbàdo tí ọmọdé jẹ kù.
Ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ ra á láti inú bọ̀ sóde: ó jọ̀lọ̀.
Mo dá ọwọ́ padà láti òde wọnú:
ó ha mí lọ́wọ́ bí eyín ayùn.

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti yà.
Ọ̀dà ló ń lọ, Ọba-Ilé ló ń wò.
Ihò wo lẹ kó sí?"

Mo ní n kò kó sí ihò kankan.
Kò bá mi jiyàn. Ó ń nu géèjì rẹ̀.

Àfi bí òru ọjọ́ kan nínú oṣù Agẹmọ ṣe sọ sí mi lọ́kàn:
òjò, kò síná lójú títì,
Màmá lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń mí bí ẹni ń gun òkè Ìdànrè,
ọsibítù ṣì jìnnà,
nǹkan kan sì dún *gbì!* lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì.
N kò dúró. Ta ni ì bá dúró?

Màmá ti délé tipẹ́, ó ń jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀.
Èmi ti gbàgbé.
Etí inú ló gbọ́,
ó sì ń fi ara rẹ̀ rò ó fún ọ̀dà títì
díẹ̀díẹ̀, láti ilé dé iléèwé.

Táírọ́ọ̀dù ló tẹ̀.
Fámúyìwá pe ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, mo ní mẹ́jọ.
Ó wo bàtà mi, ó rẹ́rìn-ín:
gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ lápá kan.
"Ìyẹn ńkọ́, tíṣà?"

Mo san mẹ́sàn-án.